“Ṣé òótọ́ ni, Mà?”: bí a ṣe lè kọ́ ọmọ JSS 2 ní ìwé ìtàn-àròsọ ogun Kírìjì

Olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Òṣogbo, JSS 2 ni mo ń kọ́. Ìwé ìtàn-àròsọ tí a ń kà ní táámù yìí dá lórí ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà láyé àtijọ́. Ọmọ 47 ló wà nínú kíláàsì mi, ìwé 9 péré la ní. Bí mo bá ní kí wọ́n kà á, oorun ni. Bí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ tí mo kọ nóòtì sójú pátákó, wọn á há a sórí, wọn á gba máàkì, ṣùgbọ́n kò yé wọn. Mo fẹ́ kí a fi ogun náà ṣeré, kí àwọn kan jẹ́ ọmọ ogun, kí àwọn kan jẹ́ ẹrú tí wọ́n kó, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Òbí kan sì ti wá sọ pé ìbọ̀rìṣà ló kún inú ìwé náà. Kí ni mo lè ní kí àwọn ọmọ yìí ṣe, Mà, tí ìwé náà yóò fi wọ̀ wọ́n lára?”

Ẹ kú làálàá, olùkọ́. Inú mi dùn pé ọkàn yín ò balẹ̀ sí eré ogun yẹn. N óò dé orí rẹ̀ láìpẹ́, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oorun. Ó dà bíi pé ẹ ti gbà pé ìwé náà ni ò dùn, tàbí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ràn ìwé kíkà. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ èdè Yorùbá kí n tó fẹ̀yìntì, ohun tí mo rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 12 tó ń sùn lórí ìwé ogun yìí kan náà ni yóò jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bí ìyá náà bá ń sọ bí wọ́n ṣe gbé ìyàwó sá lọ lábúlé wọn. Kì í ṣe ìtàn ni ò fẹ́. Ayé tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ ni kò mọ̀. Òǹkọ̀wé ní wọ́n san ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Ọmọ ò mọ̀ bóyá owó iyọ̀ ni tàbí owó ilé. Òǹkọ̀wé ní ajẹ́lẹ̀ wọlé, gbogbo agbo ilé sì pa lọ́lọ́. Ọmọ ò mọ̀ pé aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀, ìpalọ́lọ́ yẹn ò lè bà á lẹ́rù. Òǹkọ̀wé ní wọn yóò pàdé lọ́jọ́ ọjà kẹta sí òní. Kò mọ iye ọjọ́ tí ìyẹn jẹ́. Bí irú mẹ́ta bẹ́ẹ̀ bá ti kọjá lójú ewé kan, oorun ló kù. Nóòtì yín ò sì lè wo èyí sàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni nóòtì ń sọ, kì í sọ bí ayé ṣe rí lójú ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Ohun kejì tó ń dààmú wọn, inú èdè wa gan-an ló ti wá. Ìtàn la ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀, ìtàn náà la ń pe ohun tí ẹnì kan jókòó tó hun jọ. Ìtàn Ìjàpá àti ìtàn Ògèdèǹgbé, jagunjagun Iléṣà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kan yóò fi nawọ́ lọ́sẹ̀ kejì tí yóò sì bi yín pé, “Ṣé òótọ́ ni, Mà?” Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dáhùn ìbéèrè yẹn ní ìdákudà. Nígbà mìíràn mo máa ń ní òótọ́ ni, nígbà mìíràn mo máa ń ní ìtàn lásán ni, ká máa kàwé lọ. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó gbé gbogbo táámù náà dúró. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo ń lẹ páálí ńlá kan mọ́ ògiri, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: “Ó ṣẹlẹ̀”, “Ó lè ṣẹlẹ̀”, “Òǹkọ̀wé ló rò ó”. Bí a bá ti ka orí kan tán, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú gbólóhùn kan jáde, yóò sì sọ ibi tó yẹ kí ó wà àti ìdí rẹ̀. Pé Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, ìyẹn ṣẹlẹ̀. Pé ìyá kan gbẹ́ ihò sẹ́yìn ààrò láti fi iṣu pamọ́ kí àwọn ọmọ ogun tó ń kọjá má baà rí i, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀. Ohun tí ọmọbìnrin inú ìwé sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lóru kí ó tó lọ sójú ogun, òǹkọ̀wé ló rò ó, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹ ó rí i pé wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀nà àárín yẹn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé gbólóhùn kan kúrò ní “Ó lè ṣẹlẹ̀” gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí yẹn ni yóò sì lé e padà sínú ìwé láìjẹ́ pé ẹ pàṣẹ fún un.

Páálí yìí fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún yín níhìn-ín. Ìbàdàn, tí kò tíì ju 50 ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó nígbà náà, ti gba ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì fi ajẹ́lẹ̀ sí wọn láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí ló sú àwọn ará ìlú. Lẹ́yìn tí Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀, àwọn ìlú náà para pọ̀, wọ́n di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì wá di olórí ogun wọn. Ní Ìbàdàn, Látòósà, tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni olórí ogun. Láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn méjèèjì ti dojú kọ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, ìró ìbọn ló sì sọ ogun náà ní Kírìjì. Látòósà kú sínú bùdó ogun ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò tú ká títí di 1893, ìgbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó. Ẹ̀yin ti Òṣogbo tilẹ̀ ní àǹfààní tí olùkọ́ mìíràn ò ní. Ìkìrun kò jìnnà sí yín, ẹ̀bá ibẹ̀ ni ogun Jálumi, ìjà ńlá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun yìí, ti wáyé ní 1878. Odò Ọ̀tìn ni àwọn tó ń sá já sí, bí wọ́n ṣe já lu omi ló fún ogun náà lórúkọ. Àwọn ọmọ yín ti gba orí afárá Ọ̀tìn kọjá nínú mọ́tò, wọn ò mọ̀ ni. Òṣogbo fúnra rẹ̀ ni Ìbàdàn ti dá ogun Ìlọrin dúró ní nǹkan bí 1840.

Nígbà tí wọ́n bá ti mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ bi wọ́n pé ta ló sọ ọ́ fún wa. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ lókè yìí, inú ìwé ìtàn tí àlùfáà Samuel Johnson kọ la ti mọ̀ ọ́n. Johnson wà láyé nígbà ogun náà, ó wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti bùdó kan sí èkejì. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lẹ́yìn tó ti fi ránṣẹ́ sí London, ó kú ní 1901 láì tíì rí i. Àbúrò rẹ̀, dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó kù, ọdún 1921 ló sì jáde. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ láì fi bú u, kí ẹ sì bi wọ́n pé ká ní ará Iléṣà kan ló kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn, kí ló ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ sọ. Mo ti rí ọmọ ọdún 13 tó dáhùn ìbéèrè yẹn lọ́nà tó jẹ́ kí n lọ tún ìwé náà kà nílé.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó, níbi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nínú ìwé yín. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ẹrù orí ẹnì kan gidi ni. Ẹ ra kóńgò àgbàdo gbígbẹ kan lọ́jà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka hóró 40 sínú ìwé pélébé. Ọmọ 47 yín yóò ka 1,880. Ó ku okùn mẹ́ta kí ó pé ẹgbàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wá okùn mẹ́ta yẹn, ẹ má sọ ọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ pé kíláàsì mẹ́wàá bí irú tiwọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ka ẹgbàá pé, ni yóò ka ọ̀kẹ́ kan. Nígbà yẹn ni kí ẹ padà sí ojú ewé tí òǹkọ̀wé ti ní wọ́n san ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe èyí ju ìgbà mẹ́wàá lọ, kò sí ìgbà tí kíláàsì ò pariwo. Ohun mìíràn tí ẹ ó jèrè níbẹ̀ ni òǹkà wa tó ń le fún wọn. Ọmọ tó ti fọwọ́ ka ogójì, tó ti rí ẹgbàá lójú, kò ní máa bi yín mọ́ pé kí ló dé tí ẹgbàá, ẹgbàajì, ẹgbàata fi rí bẹ́ẹ̀.

Láti orí owó, ẹ lè bọ́ sórí ìwọ̀fà wẹ́rẹ́, torí àwọn ọmọ máa ń pa ìwọ̀fà pọ̀ mọ́ ẹrú, ìtàn náà sì máa ń dàrú mọ́ wọn lójú níbẹ̀. Ẹni tó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ olówó láti máa ṣiṣẹ́ fún un. Èlé owó ni iṣẹ́ yẹn dúró fún, kò dín owó tí wọ́n yá kù rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà pé ni ìwọ̀fà ń padà sílé. Kì í ṣe ẹrú, ó ní ilé, ó ní ẹbí, wọn ò lè tà á. Ẹ fún wọn ní ìṣirò kan: bàbá kan yá ọ̀kẹ́ méjì nígbà ìnáwó ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ nílé olówó fún ọdún mẹ́fà, èló ló kù láti san? Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò máa yọ owó kúrò. Ọ̀kẹ́ méjì náà ló ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ tó bá ti rí ìyẹn kò tún ní bi yín pé kí ló dé tí ọmọkùnrin inú ìwé ò kúkú ṣiṣẹ́ kára kí ó lè tètè lọ ilé.

Ọ̀rọ̀ jíjìn ọ̀nà ò gba àkókò. Ẹ mú wọn jáde sórí pápá, kí wọ́n rin kìlómítà kan, kí ẹ wo aago, kí wọ́n padà wá ṣírò iye ọjọ́ tí yóò gba ẹni tó ru ẹrù láti rin ìrìn tó lé ní 80 kìlómítà láti Ìbàdàn dé Òṣogbo. Ọjọ́ ọjà náà rọrùn: ọrún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún, ni wọ́n fi ń kà á, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ló jẹ́ láti ọjà kan sí èkejì lójú wa, torí bí àwọn àgbà bá ń kà, wọ́n máa ń ka òní mọ́ ọn.

Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń ṣe lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní láti fi gbé ogun náà súnmọ́ wọn. Lójú ọmọ ọdún 12, 1893 àti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀kan náà ni. Mo máa ń pe ọmọ mẹ́ta síwájú kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹnì kejì ni bàbá rẹ̀ àgbà, tí wọ́n bí ní bíi 1950. Ẹnì kẹta ni bàbá àgbà ti bàbá àgbà yẹn, ẹni tó lè ti jẹ́ ọmọ kékeré lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ogun tú ká ní 1893, tó sì dàgbà débi tí ó fi gbé ọmọ ọdún 1950 sẹ́sẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta péré, ọwọ́ wọn ti kan Kírìjì. Kíláàsì a máa dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ń rán wọn lọ sílé láti bi àgbà kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni bàbá yín àgbà sọ fún yín nípa ogun? Ọ̀kan péré ni. Bí ìbéèrè bá ti di mẹ́wàá, wọn á lọ ṣẹ̀dá ìdáhùn ni.

Ó wá kan eré ogun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo ṣe é rí, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún nígbà náà, mo sì rò pé mo mọ iṣẹ́. Mo pín kíláàsì sí ológun àti ìgbèkùn, mo tilẹ̀ mú okùn wá láti ilé. Ọmọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín púpọ̀ ló fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbèkùn. Wọ́n dè é, wọ́n wọ́ ọ yípo kíláàsì, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, agogo lù. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń pè é ní “ẹrú”. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ títí táámù fi parí. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, kò pariwo rárá, ó kàn sọ fún mi pé ní agbo ilé àwọn, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń fi bú ìdílé ọkọ òun bí ìjà bá dé. N ò mọ̀. Kò sì sí bí mo ṣe lè mọ̀. Nínú ìlú wa gbogbo, àwọn ìdílé wà tí ogun ló kó bàbá ńlá wọn dé, àwọn àgbà mọ̀ wọ́n, wọn kì í sọ. Ẹ̀yin tó dúró níwájú kíláàsì ò lè mọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà yóò bà. Ẹ tún wo ti Òṣogbo yín: ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìlọrin, gbogbo wọn ló wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bí ẹ bá ní kí wọ́n jagun Kírìjì, wọn yóò jà á, wọn yóò sì gbé e délé.

Kì í ṣe pé kí ẹ fo ìyà tó wà nínú ìwé náà. Ọ̀nà tí mo wá ń gbà ni pé mo ń jẹ́ kí ẹni tí ó jẹ ìyà náà sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó bíi ọmọ ọdún 13 nígbà tí ogun kó òun àti ẹbí rẹ̀ ní Òṣoògùn ní 1821. Ní 1837 ó kọ lẹ́tà kan tó fi sọ bí ó ṣe rí. Wọ́n fi í ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tún tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etíkun, ọkọ̀ ojú omi ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ogun tirẹ̀ kì í ṣe Kírìjì, ó ṣáájú rẹ̀ ju 50 ọdún lọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn ni. Mo máa ń túmọ̀ díẹ̀ nínú lẹ́tà náà sí Yorùbá, mo ń kà á jẹ́jẹ́, n kì í béèrè ìbéèrè kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n kọ ohunkóhun tó wá sí wọn lọ́kàn, n kì í máàkì rẹ̀.

Dípò eré ogun, ẹ ṣe ìpàdé ìlú. Bí n bá ní kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, èyí ni. Nínú irú ìwé yìí, orí kan a máa wà tí ìlú ti gbọ́dọ̀ pinnu bóyá kí wọ́n tún san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dún yìí tàbí kí wọ́n kọ̀. Ẹ ka ìwé náà dé ibẹ̀, kí ẹ pa á dé kí òǹkọ̀wé tó sọ ohun tí wọ́n pinnu. Ẹ pín kíláàsì sí agbo ilé mẹ́jọ, ọmọ mẹ́fà mẹ́fà, ọ̀kan yóò ní márùn-ún. Agbo ilé kan jẹ́ àgbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ àwọn obìnrin alájàpá tó ń kọjá láàárín ìlú méjèèjì, ọ̀kan jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ọ̀kan jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ jà, ọ̀kan jẹ́ àwọn àgbà tó ti rí ogun rí, ọ̀kan jẹ́ àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní ìgbèkùn ní Ìbàdàn, ọ̀kan jẹ́ àwọn àtìpó, ọ̀kan jẹ́ ìdílé tí ọmọbìnrin wọn fẹ́ ajẹ́lẹ̀. Òfin méjì péré ló wà: ẹni tó bá dìde gbọ́dọ̀ kí ọba àti ìgbìmọ̀ bí ó ṣe yẹ kó tó sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú gbólóhùn kan látinú ìwé, kí ó ka ojú ewé rẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ má jọba. Ẹ fi ọmọ tí kì í sábà sọ̀rọ̀ jọba, torí iṣẹ́ ọba níbẹ̀ ni kí ó tẹ́tí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìgbìmọ̀ nínú agbo ilé, ogún fún ìpàdé, kí ọba dájọ́, kí oníkálukú fi èyí tó kù kọ ohun tí ì bá ṣe.

Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń gbapò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ogun dùn lẹ́nu. Lọ́dún kan, “Ẹ jẹ́ ká jà!” ni gbogbo kíláàsì mi ń pariwo, títí ọmọbìnrin kan ní agbo ilé àwọn ìyá fi dìde. Ó kí ọba, ó ka gbólóhùn rẹ̀, ó wá ní, “Bí ẹ bá pa ajẹ́lẹ̀ lónìí, ọmọ mi ni wọn yóò kọ́kọ́ pa lọ́la. Ta ni nínú yín tó fẹ́ wá sọ fún mi kí n tó gbọ́ lẹ́nu àjèjì?” Kò sí ọmọkùnrin tó dá a lóhùn. Nígbà tí a ṣí ìwé ní ọjọ́ kejì láti wo ohun tí ìlú pinnu, n ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ kíkà. Wọ́n ti kó orí wọn jọ sórí ìwé kí n tó jókòó. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí wọ́n dè níbẹ̀, kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sì sí orúkọ ìdílé ẹnikẹ́ni tí wọ́n fọwọ́ kàn. Síbẹ̀ ẹ̀rù ogun wọ̀ wọ́n ju ìgbà tí mo mú okùn wá lọ.

Àwọn kan yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ bí ẹni pé òun ni akọni inú ìtàn. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í bá àwọn ènìyàn inú ìwé yìí mu. Jagunjagun Èkìtì kì í jókòó kọ ìwé lálẹ́. Àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, àrokò sì ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹyọ owó méjì tó dojú kọ ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ kọ́ wọn ní mẹ́rin yìí, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan wá di àrokò tí ẹnì kan nínú ìwé lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí agbo ilé mìíràn tú u. Bí ìtumọ̀ wọn ò bá bára mu, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá inú ìwé lọ láti wo ẹni tó jàre.

Ní ti ìwé 9 fún ọmọ 47, ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́. Ìwé kan fún ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, ìyẹn sì bá agbo ilé mẹ́jọ yín mu, ọ̀kan yóò tún kù sọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ka ojú ewé àkọ́kọ́ orí kọ̀ọ̀kan sókè, ẹ kà á dáadáa, pẹ̀lú ohùn, kí ẹ dúró níbi tó ti dùn jù. Ọmọ wa ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jókòó gbọ́ àlọ́. Ẹ má ṣe dá ọmọ kan dúró kí ó máa kà tí àwọn yòókù ń dúró de ìgbà tí yóò ṣìṣe. Ìyẹn ló ń pa ìwé kíkà.

Ní ti òbí yẹn, ẹ pè é, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ má bá a jiyàn ẹ̀sìn. Ẹ fi páálí ọlọ́nà mẹ́ta hàn án. Ẹ ṣàlàyé pé àwọn ènìyàn inú ìwé náà bọ òrìṣà torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé ayé nígbà náà, àti pé ẹ kò ní kí ọmọ rẹ̀ bọ nǹkan kan, ẹ ní kí ó mọ ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ rò nígbà tí ogun dé ẹnubodè ni. Ọ̀pọ̀ òbí á gbà. Ẹni tí kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ sí i kí ọ̀rọ̀ tó dàgbà.

Mi ò ní parọ́ fún yín: gbogbo èyí ń jẹ àkókò. Ìpàdé ìlú nìkan yóò gba odindi píríọ́dù kan. Ẹ lè má ka ìwé náà tán pọ̀ nínú kíláàsì. Èmi máa ń yan orí mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a ó ṣe dáadáa, mo ń fi ẹnu sọ àwọn tó kù, mo sì ń fi ọ̀sẹ̀ méjì gbẹ̀yìn ṣe ìbéèrè ìdánwò, torí ìdánwò ò ní bi wọ́n nípa ẹgbàá àgbàdo. Nínú kíláàsì tó lé ní 80, ìpàdé ìlú ò ṣiṣẹ́ fún mi rí, ariwo ni. Àwọn ọmọ Èkó tí wọn kì í sọ Yorùbá nílé náà ṣòro fún mi, àfi bí mo bá jẹ́ kí wọ́n fi èdè tí wọ́n ń sọ jiyàn kí wọ́n tó fi Yorùbá kọ ọ́. Àwọn olùkọ́ kan mọ ọ̀nà tó dára ju tèmi lọ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ má tíì ṣí ìwé rárá. Ẹ mú àgbàdo dání. Ọjọ́ kejì, ẹ pe ọmọ mẹ́ta síwájú kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọjọ́ kẹta ni kí ẹ ka ojú ewé kìn-ín-ní, kí ẹ sì lẹ páálí yín mọ́ ògiri. Bí ìpàdé ìlú bá ti wáyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí agbo ilé àwọn ìyá sọ.